Kòtò Tí A Dí De Mínísítà

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gé ọwọ́ Bàbá Ìbejì lójú mi. Awakọ̀ táksì ni, láàrin Igbó-Ọrà àti Erúwà, òun ló sì ń gbé mi lọ bọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà ní Erúwà, títí mo fi fẹ̀yìntì. Kòtò kan wà lójú títì náà, ní gẹ́rẹ́ tí èèyàn bá ti kọjá afárá kékeré kan. Ó fẹ̀ tó yàrá méjì, ó sì jìn dé orúnkún. Kò sí awakọ̀ tó lè sáré kọjá níbẹ̀. Wọ́n ní láti ki jíà kìn-ín-ní, kí wọ́n máa wọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín, igbó sì ṣù bo ọ̀tún àti òsì. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà sọ di oko wọn.

Àwọn mẹ́rin ló jáde lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan yin ìbọn sókè. Èkejì fi ìdí ìbọn fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì fi ìdí ìbọn kan náà gbá mi lẹ́nu, eyín mi méjì bọ́ sórí itan mi. Èyí tó mú àdá ní kí Bàbá Ìbejì kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ kò tètè yọ. Ọkùnrin náà gbé àdá sókè. Ó ṣá ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì já lé mi lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n gba fóònù àti báàgì wa, wọ́n rọra padà sínú igbó bí ẹni tó jáde wá mu omi.

Mo tú gèlè mi, mo fi di apá rẹ̀ le. Mo ń bú u pé kò gbọdọ̀ kú. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ni mo fi bú u, títí ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti oko fi bá wa níbẹ̀, tó sì sáré lọ pe èèyàn. Kò kú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, dé ilé ìwòsàn, kò sunkún. Ó wo ibi tí ọwọ́ wà tẹ́lẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

Ó ní, “Màmá Tíṣà, ọmọ mi ọkùnrin ni yóò máa wa mọ́tò yẹn báyìí. Kò sí ohun mìíràn tí a ó máa jẹ. Èkejì rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè fi sí ọ̀nà yẹn mọ́. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín.”

Mo ní màá sọ fún un. Mo tún búra lé e pé wọn yóò tún ibẹ̀ ṣe kí ohunkóhun tó ṣe ọmọ náà. Kò ní kí n búra o, ẹnu mi ni kò gbé jẹ́ẹ́.

Àbúrò mi ni aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá. Ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ ní ABD. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Igbó-Ọrà láti gbọ́ ohun tó ń dun aráàlú. Mi ò fọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá náà. Inú ọ̀rá ni mo kó o sí, mo sì dà á sórí tábìlì rẹ̀ lójú àwọn tó wá tọrọ iṣẹ́ àti àwọn tó wá pè é síbi ìsìnkú.

“Onọ́rébù,” mo ní, “ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Lọ kà á sí mínísítà létí.”

Ó ní kí n jókòó. Mo ní mi ò jókòó. Ó wá ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ fún mi. Bí aráàlú bá mú ẹ̀dùn wá, òun yóò kọ lẹ́tà sí mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí mínísítà kò bá dáhùn, òun yóò dìde nílé ìgbìmọ̀, òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí gbogbo wọn fohùn sí i. Lẹ́yìn náà, wọn yóò pe mínísítà wá síwájú ìgbìmọ̀ kékeré, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ń fi ìka kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa ka nọ́ńbà. Mo ní kó yé na ìka mẹ́wàá sí mi, pé ẹni kan wà ní ilé ìwòsàn tí tirẹ̀ ku márùn-ún.

N ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àbúrò mi kò sì dákẹ́. Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti àdá sínú rẹ̀, ó ní kí n yọ ọ́, mo ní mi ò yọ ọ́. Wọn kò dáhùn. Ìkejì ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀nà náà. A gba Ìbàdàn lọ, kọmíṣọ́nnà ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ọ̀nà tó ń pa èèyàn bẹ́ẹ̀, kò sì ní bàbá. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi dìde nílé ìgbìmọ̀, mo wò ó lórí fóònù. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, kò sì fo ọ̀rọ̀ ọwọ́ Bàbá Ìbejì. Wọ́n pe mínísítà. Mínísítà ní àwọn aṣojú máa ń sọ̀rọ̀ jù, pé òun yóò wá fojú ara òun rí i.

Kó tó wá, wọ́n pa ẹni méjì sí i lẹ́nu kòtò náà, àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà Lánlátẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún ọ̀kan nínú ikùn, wọ́n sì fi òkúta fọ́ orí ìkejì. Àwọn ọ̀dọ́ gbé òkú ẹni tí wọ́n yìnbọn fún wá sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àbúrò mi, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n fọ́ gbogbo fèrèsé. Òkúta kan la orí àbúrò mi. Inú ilé ìdáná lẹ́yìn ọ́fíìsì ni mo wà. Mo mú ọmọ odó jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo gbá a lápá, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé kẹrin ni. Ó di apá rẹ̀ mú, ó wò mí, ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà.” Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé mo rí ẹnì kan lù lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dé pé mínísítà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. A ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Baba àgbàlagbà kan dìde, ó ní, “Ẹni ńlá ń bọ̀ nílé wa, ṣé a ó wá jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ rì sínú kòtò? Wọn á ní ará Ìbàràpá kò mọ àlejò ṣe.” Gbogbo wa ní òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn ààfáà wà níbẹ̀, àwọn pásítọ̀ wà níbẹ̀, a kò sì rí ẹyọ ẹnì kan kó sọ pé nítorí kòtò náà gan-an ni àlejò ṣe ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe bí wa ni pé bí àlejò bá ń bọ̀, à ń gbálẹ̀. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n ni mo dìde pín iṣẹ́, bí mo ṣe máa ń pín in fún kíláàsì. Àwọn obìnrin á ru yangí, àwọn ọkùnrin á kó òkúta sí ìsàlẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn ọdẹ á dúró tìbọntìbọn.

Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ẹ̀yìn ń dùn mí, inú mi sì ń dùn. Kòtò náà ń bí mi nínú débi pé bí mo bá ti da yangí sílẹ̀, mo tún máa ń fi gìgísẹ̀ gún un mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń gún ọ̀tá rẹ̀ nínú sàréè. Mo pe àbúrò mi ní Àbújá pé a ti múra de àlejò. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Oúnjẹ ló rò pé mò ń sọ.

Àwọn mọ́tò mínísítà dé pẹ̀lú ariwo àti iná orí wọn. Àbúrò mi jókòó tì í. Òun ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń wo ojú títì, òun ń wá kòtò, òun ń sọ pé, “A ti fẹ́ débẹ̀ báyìí, sà, a ti fẹ́ débẹ̀,” nígbà tí òun bojú wẹ̀yìn tí òun rí i pé àwọn ti fi afárá sílẹ̀ tipẹ́. Mínísítà kàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé gbọ̀ngàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a mọ ìtọ́jú ọ̀nà wa, pé ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi wá sí ilé mi. Kò kí mi.

“Ta ló dí i?” ló bèèrè.

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó gbé àga ìdáná mi, ó là á mọ́ ògiri, ó fọ́ yángá. Ọmọ tí kò gbójú sókè wò mí rí. Ó ní, “Oṣù mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi bẹ ọkùnrin yẹn kó wá wo ọgbẹ́ wa, ẹ wá lọ da aṣọ bò ó.” Mo gbá a létí. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ kí n gbá a. Ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání, ó sì kọjá síta. Ó lọ láìjẹun.

Òjò ńlá mẹ́ta ló rọ̀. Ìkẹta ló gbá gbogbo yangí lọ, ó ku àwọn òkúta tí a kó sí ìsàlẹ̀, wọ́n yọrí ṣóńṣó ṣóńṣó. Kòtò náà wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọdẹ ti padà sí oko wọn. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ Ìyá Ìbejì gbé èrò mẹ́rin láti Erúwà. Àwọn èrò náà ló sọ bó ṣe rí. Nígbà tó rí àwọn ọlọ́ṣà, kò fẹ́ dúró, ó tẹná sí mọ́tò, òkúta sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò lábẹ́. Wọ́n wọ́ ọ jáde. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé òun kò mọ̀ pé àwọn ni. Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀, ó dojú bolẹ̀, wọ́n yìnbọn fún un ní ẹ̀yìn ọrùn.

Àbúrò mi tún dìde nílé ìgbìmọ̀. Mo tún wò ó lórí fóònù. Mínísítà fúnra rẹ̀ ló dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun dé ibẹ̀, Onọ́rébù sì jókòó ti òun, pé omi tó wà nínú ife òun kò tilẹ̀ dà sílẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi jókòó. Mo sọ fóònù mọ́ ilẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rún.

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá Ìyá Ìbejì. Bàbá Ìbejì wà níta lábẹ́ igi, ọwọ́ aṣọ rẹ̀ kan ń mì dìrọ̀dìrọ̀. Ìyá Ìbejì jókòó sórí ẹní nínú yàrá. Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní èmi ni mo búra fún un, èmi náà ni mo pín iṣẹ́, èmi ni mo dí kòtò tí ó yẹ kí mínísítà rí, pé bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, bóyá ọmọ rẹ̀ ì bá wà láàyè. Mo fẹ́ kó lù mí. Mo tilẹ̀ gbé ojú sún mọ́ ọn.

Kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ dìde, Màmá Tíṣà. Èmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo yín lọ sílé, ọmọ mi ló fi mọ́tò tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, títí ó fi dán. Èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ gbá a.”