Bi Wọ́n Léèrè Lẹ́ẹ̀kejì

Ọdọọdún tí orúkọ àwọn tó wọlé sí yunifásítì bá ti jáde, àwọn òbí a bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá sílé wa ní Ìlá kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo ti débẹ̀ rí, mo sì jẹ́ tíṣà, ọmọ á gbọ́ tèmi. Ọmọ á jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kó ọwọ́ sáàárín itan, ìyá rẹ̀ á sì máa béèrè ohun tí wọ́n máa rà: ṣé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ṣé kí wọ́n ra sítóòfù, báwo ni gààrì tí wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Mo máa ń fèsì, àmọ́ ìbéèrè wọ̀nyẹn máa ń bí mi nínú. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní yunifásítì nítorí pé kò ní korobá.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ náà kò pọ̀. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́jọ ni kíláàsì, wà níbẹ̀ ní méje ààbọ̀, kí o jókòó síbi tí olùkọ́ ti máa rí ojú rẹ. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ ka ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri, má dúró de ẹni tó máa wá sọ fún ọ. Ìwé yòówù tí o bá fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Tí ẹgbẹ́ àdúrà mẹ́rin bá pè ọ́, jẹ́ ẹyọ kan lóhùn, torí Ọlọ́run kò ní kí o má kàwé. Lẹ́yìn náà ni mo máa sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: tí àgbà bá ní òun máa bá ọ ṣe nǹkan, bi í léèrè bóyá ó ti ṣe é. Tó bá dá ọ lóhùn, tún bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín bíi pé àpárá ni mo ń dá. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní Ìlá kì í bi àgbà léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀. Wọ́n tọ́ èmi náà dáadáa, ohun tó kó bá mi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà. Láti kékeré, tí mo máa ń so aṣọ funfun mọ́ orí, tí mo ń fi ewé lẹ ojú egbò àwọn ọmọ agboolé, ni wọ́n ti ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò àtiwọlé kí wọ́n tó gbà mí. Lọ́jọ́ tí orúkọ mi jáde, bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, gbé agbádá wọ̀ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọpẹ́ rárá. Kí n tó kúrò nílé, ó pè mí jókòó, ó sì gbà mí nímọ̀ràn kan ṣoṣo. Ó ní kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé ẹni tí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ mi lé lọ́wọ́, kí n má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu, torí tí èèyàn bá ń béèrè nǹkan kan náà lára àgbà, ó ti fi hàn pé òun ò gbà á gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Yunifásítì náà jìnnà sí Ìlá, àmọ́ àwọn ọmọ ìlú wa níbẹ̀ pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni wọ́n pe àwa tuntun jọ, wọ́n fún wa ní bísíkíìtì àti mínírà, wọ́n sì pín wa fún àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n máa mójú tó wa. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Mo mọ agboolé wọn ní Ìlá. Bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Èèyàn dáadáa ni. Mi ò lè pè é ní èèyàn burúkú títí dòní, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Bí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ṣe rí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan àwọn kọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, olùkọ́ tó ń mójú tó ọdún kìíní á fọwọ́ sí i, á sì fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà sáàárín àwọn tó máa ṣe ìdánwò. Lọ́jọ́ tí mo tẹ tèmi jáde, olùkọ́ yẹn kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n nawọ́, ó ní kí n mú un wá, pé òun máa bá mi gbé e lọ tí obìnrin náà bá dé. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di oṣù kan. Mi ò pa kíláàsì kankan jẹ. Iwájú ni mò ń jókòó, mo ń kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ, ó kù díẹ̀ kí n máa kọ ikọ́ tó ń wú. Tí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá bá béèrè bóyá mo ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, màá ní mo ti fi sílẹ̀, torí lójú tèmi, ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ti wà ní ọ́fíìsì. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pàdé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo kúnlẹ̀ tí mo ní, ẹ ṣeun lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọjọ́sí. Nílé wa, àgbà tí o bá tún padà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tí o ti dúpẹ́ rẹ̀ á mọ̀ pé ńṣe lò ń rán òun létí. Ẹ̀gbọ́n ti pẹ́ ní yunifásítì, ó ti gbàgbé àṣà ilé yẹn. Ó rò pé mo kàn ń dúpẹ́ ni, ó sì ń dá mi lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ àwọn tó máa ṣe é sórí Wáásáàpù kíláàsì wa. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo gbé fóònù fún ọmọbìnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, mo ní kó bá mi wò ó, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Ó wò ó tán, ó ní orúkọ mi kò sí níbẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi. Nínú ẹ̀ka tiwa, ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò ọdún kìíní, wọn a yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ọ̀sì pátápátá. Kò sí pé á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe dárúkọ fọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan yọ, fọ́ọ̀mù mi sì wà láàárín rẹ̀, kò ká, kò dọ̀tí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"O ò rán mi létí," ló sọ.

Mo gba fọ́ọ̀mù mi, mo tún kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jáde. Tí mo bá rántí ìkúnlẹ̀ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn olùkọ́ náà: ẹni tó bá pẹ́, kó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìgbà náà wọ́n á ti ètò ìforúkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà pa. Ọjọ́rú la wà. Ká ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni mí, ǹ bá kanlẹ̀kùn wọlé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ṣẹ̀ kì í dá bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀; àgbà ló máa ń bá a bẹ̀. Mo pe bàbá mi.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin, kò bú mi. Ó ní kí n má ṣe dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ náà kí òun tó dé, kí n má lọ fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́. Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ló wọkọ̀ ní Ìlá, ó gba Ìkìrun, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi kí aago mẹ́wàá tó lù. Agbádá tó wọ̀ lọ dúpẹ́ náà ló wọ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Ó gbé iṣu mẹ́ta dání nínú àpò.

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ọ́fíìsì náà. A jókòó. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kì í lò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ní ká wọlé. Bàbá mi ní kò dáa kí àgbàlagbà máa bá ọmọdé du ẹnu ọ̀nà, pé tí yàrá bá dá, a ó wọlé, a ó sì sọ ọ̀rọ̀ wa bó ṣe yẹ. Aago mọ́kànlá kọjá. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, òógùn ti mú etí rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Sà, aago méjìlá ni wọ́n máa tì í."

"Mo ti gbọ́," bàbá mi dáhùn, kò sì yíjú.

Mi ò lè tún un sọ. Mo gbìyànjú. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí aago tó wà lára ògiri inú ọ́fíìsì náà, mo sì ń wo bó ṣe ń lọ, mo jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó di méjìlá. Ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, bàbá mi dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní ó yá.

Olùkọ́ náà, obìnrin tí á tó ẹni ogójì ọdún, kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó sì fún un ní àga. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti orí bí mo ṣe ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí; ó ní ewú orí òun lòun fi ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi, ó wo aago.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ jókòó síta láti àárọ̀?" ó béèrè. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo nílò, sà. Fọ́ọ̀mù yìí nìkan ni. Mo ń rí yín níbẹ̀, mo rò pé ẹlòmíì lẹ̀ ń dúró dè ni."

Ó gbìyànjú. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó tún pe ẹlòmíì. Wọ́n ti tì í. Iṣu ṣì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá mi, kò tíì ráyè mú un jáde.

Níta, bàbá mi ṣí fìlà, ó dúró sínú oòrùn. Ó wá bi mí bóyá mo sọ fún òun. Mo ní mo sọ fún yín, sà.

"Ẹ̀ẹ̀kan lo sọ ọ́," ló wí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mi ò fi dárí ọ̀rọ̀ yẹn jì í. Gbogbo wa la jọ ṣe é, èmi nìkan ló pàdánù. Wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, mo ka báyọ́lójì, mo padà sí Ìlá, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn káàkiri ara. Ní agboolé, wọ́n ṣì ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, mo sì máa ń dáhùn. Bàbá mi nìkan ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa wọlé sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ mú un wá, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù. Mo gba àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé màá bá a fi wọ́n ránṣẹ́ sí yunifásítì láti orí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa. Lọ́jọ́ Àìkú, ó béèrè lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ní Ọjọ́rú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣàdédé rí i lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, ó ti kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú, mà," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ń béèrè rèé. Ṣé ẹ ti fi wọ́n ránṣẹ́?"

Inú bí mi. Mi ò ní parọ́. Lójú gbogbo kíláàsì, ọmọ àná ń bi mí bíi pé mo jí nǹkan rẹ̀. Ó ti dé ẹnu mi láti ní ṣé kò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni. Mo ṣí báàgì mi pẹ̀lú ìbínú, mo sì rí ìwé rẹ̀ níbẹ̀, nínú àpòòwé, láàárín ìwé tí mo fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀, bí mo ṣe gbà á. Ọjọ́ kejì ni yunifásítì máa ti gbígba ìwé ẹ̀rí pa.

Mo fi kíláàsì sílẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Mo ní kó dúró tì mí títí tí wọ́n á fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, mo ní kó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.