Ilé Jíjò Tí Abọ́dúnrìn Rà Létí Ọ̀sà

Bí o bá kí Abọ́dúnrìn lójú ọ̀nà, yóò dá ọ lóhùn dáadáa, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, ṣùgbọ́n òrùlé tó wà lẹ́yìn rẹ ni yóò máa wò. Kì í ṣe ìgbéraga. Páànù ló ń kàn jẹun, ojú rẹ̀ ti mọ́ òkè ju ilẹ̀ lọ. Ìṣojú mi ló ṣe já sí gọ́tà níwájú kóòtù Àgbádárìgì, níbi tó ti ń ka páànù tó dípẹtà lórí ilé kan lódìkejì ọ̀nà. Ó jáde, ó gbọn sòkòtò, ó ní, "Gbádéyan, méje péré ni! Páànù méje ni wọn ò rí pààrọ̀ tí wọ́n fi fẹ́ jẹ́ kí odidi ilé wó!"

Èmi Gbádéyan tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, lẹ́tà ni mò ń kọ fún aráyé, lórí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù yẹn náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tọ́mọ rẹ̀ lọ sí Èkó tí kò rántí ilé mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ohun tí mo fẹ́ rò fún yín. Èmi ni mo kọ ìwé ilé náà, mo sì gba ṣílè mẹ́ta lórí rẹ̀ láìtijú.

Ogun Hítílà ti wọ ọdún kẹrin nígbà náà. Páànù ò wọlé láti òkè òkun mọ́, díẹ̀ tó bá sì yọjú, àwọn sójà ló ń kó o lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá etí ọ̀sà ni àwọn onílé ti kúrò nínú wọn, wọ́n gba Èkó lọ, wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún òjò àti àdán. Gbogbo wa là ń káàánú àwọn ilé náà. Abọ́dúnrìn nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn.

Ará Ìjánikin ni. Yàrá kan ṣoṣo lòun àti Láídé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta háyà ládùúgbò wa, lọ́dọ̀ onílé kan tó máa ń ka iye garawa omi tí Láídé bá pọn lójúmọ́. Ó ti sú wọn.

"Wò ó," Abọ́dúnrìn wí fún mi lọ́jọ́ kan, "bílé bá ti ń jò, gbogbo ayé á ní ilé ti kú. Irọ́ ni. Bí páànù ọgọ́ta bá wà lórí ilé, ogójì á ṣì dára níbẹ̀. Màá ṣa àwọn tó dára jọ, màá fi ọ̀dà dúdú dí ihò ara àwọn yòókù, màá fi bo ìwọ̀nba yàrá tí mo bá lè bò. A ó máa gbé ọ̀kan, a ó fi ìyókù háyà. Owó háyà yẹn ni yóò bo èyí tó bá kù nígbà tógun bá parí."

"Ta ló máa wá háyà yàrá nínú àlàpà?" ni mo bi í.

"Ẹni tí òjò ń pa níbi tó wà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rántí ẹ̀rín yìí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kiri nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò rìn láti etí ọ̀sà títí dé ọ̀nà Àpá. Kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Yóò fọwọ́ ba ìdí ògiri bóyá ó ṣì gbẹ, yóò fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé bóyá ikán ti wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni yóò lọ dúró létí kànga, nítorí àwọn obìnrin tó ń pọnmi mọ ẹbí tó ń jà, wọ́n sì mọ ẹbí tó ń wówó. Ilé márùn-ún ló fi sílẹ̀. Ikán ti jẹ méjì tán, ọ̀kan wà ní kóòtù, àwọn tó ni méjì tó kù sì ń dá iye lé e bí ẹni pé ilé gómìnà ni wọ́n fẹ́ tà.

Ìkẹfà ni ilé ẹbí Sagbo. Yàrá mẹ́jọ ni, ìdí ògiri rẹ̀ gbẹ, igi òrùlé rẹ̀ le. Bàbá àgbà Sagbo ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ mọ́. Sagbo, tó jẹ́ àgbà ọkùnrin ilé náà, ti kọ́ tirẹ̀ sí Aràdàgún, owó ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n tuntun ló sì ń wá. Ó ní ọgbọ̀n pọ́ọ̀nù lòun máa gbà, kí wọ́n san méjìdínlógún lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n san méjìlá tó kù lọ́dún tó ń bọ̀.

Pọ́ọ̀nù mẹ́jọ wà lọ́wọ́ Abọ́dúnrìn látinú èésú tí àwọn káfíńtà ń dá. Mẹ́wàá ló kù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan Láídé.

Ogún igi àgbọn ni ìyá Láídé fi sílẹ̀ fún un ní Àpá kó tó kú. Òróró àgbọn tí Láídé ń sè tà, ara wọn ló ti ń wá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ri ìwọ́ Láídé sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì máa ń pe igi náà. Sùlàímọ́nù, oníṣòwò tó ń ra àgbọn gbígbẹ, ní òun máa yá wọn ní pọ́ọ̀nù mẹ́wàá bí wọ́n bá fi ogún igi náà dógò. Títí owó òun yóò fi pé padà, òun lòun máa máa ká a, Láídé ò sì gbọdọ̀ mú ẹyọ kan.

"Bàbá Níyì," Láídé bi ọkọ rẹ̀ lójú mi, "ṣé ẹ ti wo ilé yẹn dáadáa?"

"Mo ti wò ó láti òkè délẹ̀."

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ò mọ̀ pé irọ́ ni.

"Ó dáa. Igi mi ni mo gbé lé yín lọ́wọ́ yìí o. Bí wọ́n bá bọ́, ìyá mi ló tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Sagbo àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wá sídìí tábìlì mi, wọ́n tẹ̀ka. Mo béèrè o, kí n má parọ́, mo ní, "Ṣé gbogbo ẹbí ló gbọ́ sí i?" Sagbo na ọwọ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀, ó ní, "Àwa ọkùnrin ilé rèé." Mo ti bọ ṣílè mẹ́ta sápò, n ò sì bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹta tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbé àkàrà lọ fún Abọ́dúnrìn. Mo bá a lórí àkàbà nínú yàrá àárín, ó ń ṣí páànù tó ti jẹrà. Gbogbo ilẹ̀ yàrá náà ló tutù àfi ibì kan tó ga díẹ̀ ju ìyókù lọ, tí wọ́n kó àwọ̀n gbígbó àti agbọ̀n bò mọ́lẹ̀. Ó ti kó wọn kúrò. Ibẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ àkàbà lé, ibẹ̀ ló gbé garawa ọ̀dà sí. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àkàrà.

"Étẹ́ wẹ̀!"

Ìyá àgbàlagbà kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tín-ínrín, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù fún omi ọ̀sà tó gbà wá láti Àjàṣẹ́. Ó ti fi èdè Gún bi wá pé kí nìyí, ó wá fi Yorùbá tó kún fún ohùn Gún béèrè pé, "Ta ló gbé àkàbà lé bàbá mi láyà?"

Abọ́dúnrìn wo ilẹ̀. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́dún náà. Kò tẹ̀lé àkàbà sọ̀ kalẹ̀, ó fò ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ̀dà tó dà nù. Èmi gbé àkàrà mì láìrún un lẹ́nu. Ojú oórì ni mo jókòó lé.

Màmá Dosi lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí inú ẹni tó kọ́ ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá Sagbo lóbìnrin. Tányìnọ̀ ni àwọn Gún ń pe irú rẹ̀, ìyá tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ti kú nínú ẹbí. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé bàbá láìkọ́kọ́ gbé ọtí lọ bá a. Sagbo mọ̀. Ó kàn rò pé Àjàṣẹ́ jìnnà ni.

"Sagbo ta yàrá," Màmá Dosi wí. "Bàbá mi ò sí lára yàrá. Ẹ dáwọ́ dúró." Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì, ó jókòó, ó ní kò sí ibi tóun ń lọ.

A sáré lọ bá Sagbo. Owó ti di ọkọ̀ àti àwọ̀n, ó ti wà lójú omi. Ó ní bí ẹja bá pọ̀, òun á dá a padà. Sùlàímọ́nù ní tirẹ̀ ò dúró de ẹja kankan. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Láídé lọ sí Àpá tó bá ọkùnrin kan lórí igi tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, tó ń ká àgbọn sílẹ̀. Ó padà wálé, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ì bá sàn kó bú mi," Abọ́dúnrìn wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ojú ti èmi náà tó bẹ́ẹ̀ tí n ò lè gbé orí sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún tí Màmá Dosi ti dé, òjò ṣú láti ojú òkun. Abọ́dúnrìn dìde dúró níwájú tábìlì mi, ó wo ojú ọ̀run, ó wo apá ilé náà. "Mo ti ṣí òrùlé yàrá yẹn sílẹ̀," ó wí, "ìyá àgbà yẹn sì wà nínú rẹ̀. Gbádéyan, wá bá mi di àkàbà mú."

Páànù mẹ́rìndínlógún ló ti kun ọ̀dà sí, èyí tó dára jù nínú gbogbo wọn, tó fi pa mọ́ de yàrá tòun àti Láídé. Gbogbo rẹ̀ la gbé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó dúró, ó bọ́ fìlà, ó wo ilẹ̀. Ó wá yí àgbá méjì wọlé, ọ̀kan lápá ọ̀tún ojú oórì, ọ̀kan lápá òsì, ó fi pákó gun orí wọn kọjá, ó gun pákó náà. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kan bàbá.

"N ò ní kó o bò ó," Màmá Dosi wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lé mi."

Òjò dé kó tó kan ìdajì. Ẹ̀wù funfun tí mo máa ń wọ̀ kọ̀wé di dúdú fún ọ̀dà, mo di pákó mú, mò ń pariwo, òun ń kan ìṣó. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òjò ń rọ̀ nínú yàrá méje, kò rọ̀ nínú ẹyọ kan yẹn. Màmá Dosi fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú oórì títí, ó gbé e sókè, ó gbẹ. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni òjò ti ń pa bàbá mi," ó wí. "Sagbo ní páànù wọ́n." Ó wo Abọ́dúnrìn tí ọ̀dà ti kùn láti imú dé àyà, ni ẹ̀rín bá pa á, ó rín in títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Lọ́jọ́ kejì, a kọ ìwé tuntun. Àtàǹpàkò Màmá Dosi ló kọ́kọ́ kan bébà, ti Sagbo ló kẹ́yìn, ó sì ti gba ìwọ̀sí tó pọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Yàrá bàbá jẹ́ ti ẹbí, wọn yóò máa wá sí i lọ́dọọdún, Abọ́dúnrìn ni yóò máa bò ó. Nítorí yàrá náà, pọ́ọ̀nù méjì kúrò lára gbèsè, ó ku mẹ́wàá, Màmá Dosi ni yóò sì máa gbà á díẹ̀díẹ̀. N ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Páànù tó kù bo yàrá mẹ́rin. Abọ́dúnrìn àti ẹbí rẹ̀ kó sí ọ̀kan. Kó tó kan ìṣó tó kẹ́yìn ni wolé-wolé kan ti wá béèrè yàrá, tíṣà kan sì tẹ̀ lé e. Ẹni kẹta, tí òjò ń pa níbi tó wà, èmi ni. Abọ́dúnrìn ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn gba owó háyà oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún kan àbọ̀ kọjá. Nígbà tí Màmá Dosi wá sí yàrá bàbá fún ti ọdún kejì, Abọ́dúnrìn kó pọ́ọ̀nù mẹ́wàá síwájú rẹ̀, owó háyà àti owó èésú pa pọ̀. Màmá Dosi ò fọwọ́ kàn án.

"Mo rí ìyàwó rẹ lọ́jà láàárọ̀," ó wí, "ó ń ra àgbọn. Kí ló dé tí ọmọ Àpá ń ra àgbọn?"

Abọ́dúnrìn wo ilẹ̀. Èmi ni mo rò ó, láti orí ìwọ́ títí dé orí Sùlàímọ́nù. Ìyá náà ti owó padà.

"Gbé e lọ fún Sùlàímọ́nù lónìí. Bàbá mi ti wà níbi gbígbẹ, kò sí ibi tó ń kánjú lọ. Tèmi á tún pé."

Kí oòrùn tó wọ̀, igi ti padà sọ́wọ́ Láídé. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó lọ sí Àpá, ó kó àgbọn márùn-ún bọ̀ láti orí igi tirẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a rù ú. Ó bẹ́ ọ̀kan fún Màmá Dosi nínú yàrá bàbá. Ìyá náà ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu ìyókù. Láídé bẹ́ èkejì, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Abọ́dúnrìn gbórí sókè láti mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Ìṣó kan ti ń yọ níbẹ̀ yẹn," ó wí.

"Bàbá Níyì," Láídé dáhùn, "àgbọn mi ni mo gbé fún yín. Ẹ mu ún."