Sípánà Tí Mo Fi To Bẹ́ẹ̀dì Ìyá

Aṣọ ọmọ ni mo ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọṣẹ ń hó dé ìgbúnwọ́ mi, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè yà sílé wa. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní ọkọ mi ní kí òun jíṣẹ́ fún mi pé ìyá òun ti múra tán, ọkọ̀ ojú irin ọ̀la ni wọ́n ń bá bọ̀ láti Òṣogbo wá wo ọmọ tuntun. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ti gba Kánò lọ, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó tó dé.

Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe irú èyí tí àwọn ìyàwó ilé máa ń fi ẹnu gbé kiri. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe pẹ̀yìn dà, bẹ́ẹ̀dì ló sọ sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí a kó láti àárín Èkó wá sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, àwọn alágbàárù tú bẹ́ẹ̀dì onírin wa palẹ̀ kí ó lè wọ ọkọ̀. Wọ́n dá nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan padà sẹ́nu bóòtù rẹ̀ kí ó má baà sọnù, wọ́n sì mú sípánà wọn lọ. Láti ìgbà náà ni irin ti fara ti ògiri, tí àwa ń sùn lórí ẹní. Ọkọ mi á ní òun á yá sípánà wá láti ibi iṣẹ́. Ó di ọ̀la, ó di ọ̀túnla. Nígbà tí Kérésì kù díẹ̀, mo ra ọ̀dà funfun, mo sì kun irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tòun ti bóòtù tòun ti nọ́ọ̀tù, kí ó lè dà bíi ti ọsibítù. Ó kúkú rẹwà. Kò kàn ṣeé sùn lé ni.

Nígbà tí ìyá wá kẹ́yìn, ẹní la tẹ́ fún wọn, bẹ́ẹ̀ orúnkún wọn ò dára mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fìdí wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú dìde. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní abẹ́rẹ́ àwọn ló bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún wá, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọn yóò sùn. Wọ́n wá ń bọ̀ lọ́la yìí.

Mo fẹ́ tú nọ́ọ̀tù kan mú lọ sọ́jà fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dà mi ti lẹ gbogbo wọn pọ̀ mọ́ irin. Ni mo bá gbé ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ nọ́ọ̀tù. Nígbà tí mo fà á kúrò, ihò onígun mẹ́fà ti jókòó sára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Màámi ń wẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì.

Mo pọn èyí kékeré, mo fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà Oto, níbi tí bàbá arúgbó kan ti ń tẹ́ irin àlòkù sórí àpò. Bàbá wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó béèrè pé ọkọ mi dà.

“Ó wà ní Kánò, Bàbá. Bẹ́ẹ̀dì ò sì lè dúró dè é.”

Àwọn tó jókòó nítòsí ti bú sẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo yára tú ọṣẹ jáde nínú ìwé. Bàbá gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun ti ta sípánà fún òyìnbó, òun ti tà á fún sójà, òun ò tà á fún ọṣẹ rí.

Ó kọ́kọ́ mú sípánà ńlá kan wá, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé. Mo ní ibi kọ́lọ́fín láàárín irin méjì ni nọ́ọ̀tù wa wà, kò lè wọ ibẹ̀. Ó wá mú irú èyí tó dà bí ife kékeré, tí wọ́n ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé ẹnu rẹ̀ lé ẹnu ihò ọṣẹ, ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ṣílè méjì péré. Inú mi ti dùn, mo ti ń tú owó lẹ́tí aṣọ, ni Bàbá bá béèrè bóyá mo kun bẹ́ẹ̀dì náà lọ́dà.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi fúnra mi ni mo kùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta.”

“O wọ̀ ọ́ lẹ́wù mẹ́ta, o wá ń wọn àyà rẹ̀.”

Ó ní bí mo bá ha ọ̀dà yẹn kúrò kí nọ́ọ̀tù lè tú, nọ́ọ̀tù á kéré sí i, ohun tó bá ọṣẹ mu á máa yí lófo ni. Ó fa àpótí páànù kan jáde. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ìkẹwàá ti sọnù, ìpẹtà ti mú díẹ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀lé ara wọn láti ńlá dé kékeré. Ṣílè mẹ́fà. Ó ní kí n gbé gbogbo ẹbí lọ, ọ̀kan nínú wọn á dá nọ́ọ̀tù mi mọ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́jà ni mo kà á sí. Mo kàwé, mo sì fi ojú mi rí i pé ẹyọ kan yẹn bá ihò mu. Owó ẹran tí mo fẹ́ fi ṣe ìyá lálejò ni ìyókù tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé ẹyọ kan náà, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bí ìyá ṣe ń fìdí wọ́ nílẹ̀. Bí Bàbá bá purọ́, ẹran nìkan ni mo pàdánù. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ tí mi ò gbọ́, orí ẹní ni ìyá yóò tún sùn. Mo nájà títí ó fi gba ṣílè márùn-ún, mo gbé àpótí náà, mo sì fi èyí tó kù ra pańlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà. Ohun tó bá ọṣẹ mu yí lófo, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Èyí tó kéré tẹ̀lé e dì í mú gírígírí, nọ́ọ̀tù kígbe kí ó tó gbà. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ mi di orí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń pàṣẹ fún mi bí ọ̀gá. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín ọ̀run, bẹ́ẹ̀dì ti dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó funfun, ó kàn ní ojú àpá níbi tí mo ti ha á.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó wá jíṣẹ́ lánàá ló mú ìyá wá láti ibùdó rélùwéè ní Ìdó lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì gbé ọmọ mọ́ra, ṣùgbọ́n ojú wọn ti wà nínú yàrá. Wọ́n fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, wọ́n jókòó. Wọ́n béèrè ẹni tó tò ó.

“Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, pańlá ló wà nínú ọbẹ̀ o. Irin ló jẹ owó ẹran.”

“Ẹran kì í gbé èèyàn dìde,” ni wọ́n wí.

Wọ́n dìde. Wọn ò di ògiri mú, wọn ò di èmi náà mú. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde, pẹ̀lú ọmọ láyà wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge tó wọ bàtà tuntun.

Ọmọbìnrin mi tẹ̀lé mi dé ilé ìdáná, ó ní kí ló dé tí Màámá Àgbà ń dìde tí wọ́n ń jókòó, ṣé bẹ́ẹ̀dì ń gún wọn ni. Mo sọ fún un pé kò gún wọn. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá dìde gbẹ̀yìn.