Orúkọ Tí Mo Fi Ń Tọ́jú Orin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé mi ṣe tó, kó lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tó lé mi kúrò ní ìwé karùn-ún. Ó ní orí mi ti kún, kò gba nǹkan mọ́. Èmi yìí kan náà ni mo wá di òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìwó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọlé, gbogbo àwọn tó mọ̀wé ló ń bẹ̀rù kí àwọn má bà á jẹ́. Èmi tí n kò mọ ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni mo jókòó tì í, mi ò sì dìde mọ́.

Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri funfun tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, kí ìjọ lè máa kà á kọ. Ètò tó bá kọ̀ǹpútà náà wá látilé ni mo ń lò, èyí tí àwọn ọmọléèwé fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún olùkọ́. Mi ò yàn án, òun ló yàn mí. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi tẹ gbogbo orin sínú rẹ̀, títí ìka ọ̀hún fi gùn ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó mú rúlà wá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, tí àkókò ẹ̀rí bá tó, ẹni tó bá dìde, orin ni yóò kọ́kọ́ dá kó tó sọ̀rọ̀. Kò ní dárúkọ nọ́ńbà. Ó sì lè má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè gba àárín ẹsẹ kejì wọlé bí ẹni tó gba ojú fèrèsé wọ yàrá. Kí n tó wá orin náà rí, wọ́n á ti kọ ọ́ tán. Ìgbà tó yá ni mo kíyè sí i pé ọmọ ènìyàn kì í ní ju orin kan tàbí méjì lọ láyé. Orin tí bàbá kan dá nígbà tí ọmọ rẹ̀ gboyè, òun náà ni yóò dá nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá bímọ. Mo bá pa nọ́ńbà tì. Ẹni tó ń dá orin ni mo fi sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ àwọn àgbà jọra wọn. Mo wá fún kálukú ní èyí tí mi ò ní gbàgbé. Bàbá Asùn-nínú-Ìwàásù. Díákónì Tó Ń Wo Aago. Ìyá Olóhùn Ilẹ̀kùn Tí Kò Lépo. Bí ẹnì kan bá ti ń tún ìró ró láti dìde báyìí, mo ti ṣí i. Orin kò tíì jáde lẹ́nu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lára ògiri. Pásítọ̀ sọ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ kan pé Ẹ̀mí ń bá mi ṣiṣẹ́. Ta ni èmi tí màá bá pásítọ̀ jiyàn? Mo tẹrí ba.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ kí madámù kan tó dé. Yunifásítì tó wà nílùú wa ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà. Kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sọ ọ́ di alága ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó wo ètò mi bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀.

“Bàbá, ètò ọmọléèwé lẹ fi ń sin Ọlọ́run látọjọ́ yìí?”

“Madámù, Ọlọ́run ò tíì fẹjọ́ sùn.”

Ó gbé tiẹ̀ jáde. Àwọn òyìnbó ló ṣe é, ti ìjọ gan-an ni. Ìkùukùu ń rìn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orin, omi ń ṣàn. Ó mọ gbogbo orin inú ìwé ní nọ́ńbà ní nọ́ńbà. Ó tilẹ̀ ní aago tó ń sọ fún oníwàásù pé àkókò ti tó. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ìgbìmọ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà nínú wọn, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní tó bá di Sunday ìdúpẹ́, tiẹ̀ ni a ó máa lò. Wọ́n ní kí èmi wá máa sinmi lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa pín àpòòwé ọrẹ.

Mo rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ opó ọkùnrin. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àga ìdí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń retí mi láyé yìí. Ẹnikẹ́ni kì í retí ẹni tó ń pín àpòòwé.

Nígbà tí Sunday náà pé, èmi àti madámù jọ jókòó kí n lè fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó ní kí n mú àwọn orin mi wá kí òun kó wọn sínú tòun. Mo fún un ní fúláàṣì tí mo kó wọn sí. Mi ò sọ ti orúkọ fún un. Nínú ètò tèmi, èmi nìkan ni mo máa ń rí orúkọ, ọ̀rọ̀ orin nìkan ló ń dé ara ògiri. Mo rò pé gbogbo ètò ló ń bo àṣírí bẹ́ẹ̀.

Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí a dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa ni. Madámù ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, gbogbo orúkọ náà sì gun ògiri lọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó iṣu. Ìkùukùu ń rìn lẹ́yìn wọn, ó dùn ún wò. Àwọn tó lè kà kà á, àwọn tí kò lè kà bi ará ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, wọ́n gbọ́ ọ ní Ilé-Ogbó. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Kuta rò pé táyà rẹ̀ ló bẹ́. Bàbá Asùn-nínú-Ìwàásù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ ló jí i kó lè wá ka ara rẹ̀.

Díákónì wo ògiri, ó wo aago.

“Bàbá,” ni pásítọ̀ wí, ohùn wọn tutù, “ẹ dìde níbẹ̀.”

Mo dìde. Mo lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòòwé.

Àkókò ẹ̀rí dé. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ dìde, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, opó ni wọ́n. Orúkọ tiwọn náà ti wà lára ògiri: Ìyá Tó Ń Sunkún Ní Ẹsẹ Kẹta. Wọ́n dá orin wọn. Ọkọ wọn ló fúnra rẹ̀ ṣe orin náà nígbà ayé rẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan. Nínú pálọ̀ wọn ni mo ti tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń pè é fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Madámù fi nọ́ńbà wá a. Kò rí i. Ó fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́ wá a, àmọ́ àárín ẹsẹ ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Ìkùukùu kàn ń rìn ni. Ègbè nìkan ni ìjọ mọ̀, nígbà tí ègbè sì parí, kálukú ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ìyá nìkan, ohùn wọn ń gbọ̀n. Madámù yíjú padà, ó ń fojú wá mi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti Màmá?”

Èṣù fi èsì kan sí mi lẹ́nu, èsì tó dùn bí oyin, pé wọ́n ní kí n sinmi. Mo gbé e mì.

“Èyí tó ń sunkún ní ẹsẹ kẹta ni.”

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí i, ọ̀rọ̀ jáde, ìjọ sì gba orin náà lẹ́nu ìyá. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹta, wọ́n sunkún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí orin parí, wọn ò jẹ́rìí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọjú sí.

“Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, mo rò pé kò sẹ́ni tó ń rí mi. Àṣé ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kó padà sórí àga rẹ̀.”

Pásítọ̀ wo díákónì. Díákónì wo aago. Pásítọ̀ wá fọwọ́ júwe àga fún mi. Mo rìn padà lọ síbẹ̀, mo ń tiro, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò dùn mí tó bí mo ṣe ń tiro. Madámù sún fún mi.

Àwa méjì la wà nídìí ẹ̀rọ náà báyìí, ètò tiẹ̀, orin tèmi. Ìgbìmọ̀ ní dandan ni kí n fún àwọn fáìlì ní orúkọ ọmọlúàbí. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Asùn-nínú-Ìwàásù wá bá mi nílé, ó ní kí n kọ Bàbá Tó Ń Ronú. Mo kọ ọ́. Ẹni tó bá lè fi gbogbo ìwàásù ronú pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí, oyè náà tọ́ sí i.

Madámù béèrè pé èwo ni tòun. Mo ní ẹni tí kò bá dá orin rí kò ní fáìlì. Nígbà tí Sunday mìíràn dé, ó dìde láti jẹ́rìí, ó sì dá orin. Ohùn náà kò dára. Mo dá fáìlì sílẹ̀ fún un, mo pè é ní Madámù Tó Sún Fún Mi. Nígbà tó padà wá jókòó, ó kà á lójú kọ̀ǹpútà. Ó kàn tún sún díẹ̀ sí i.