Ọwọ́ Hàjàrá Lọ́rùn Àwọn Ọmọ Ìlódè

"Ẹ̀yin Ìyá Rasheed, ta ni ẹ ń bá jà?"

Mojíre ò mọ ìgbà tí ìbéèrè náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ẹsẹ̀ tí ìgò gé ló gbé wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìlódè, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Hàjàrá, Ìyá Rasheed, kọ́kọ́ dì mú, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó lejú bí ẹni tó rí ọ̀tá. Hàjàrá di ẹsẹ̀ náà, ó ní kó máa lọ.

Kí Hàjàrá tó di nọ́ọ̀sì ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rasheed, ṣàìsàn: ibà, orí fífọ́, ọrùn tó gan bí igi. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Oyèkúnlé, tó ń ta oògùn ní Ìrẹmọ. Oyèkúnlé ò tilẹ̀ dìde.

"Ó sùn sódì ni. Ẹ lọ fi òrí ra ọrùn rẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe yínrùnyínrùn, àìsàn ọrùn gígan tó ń pa ọmọdé?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Rasheed, ìgbà wo lẹ di dókítà?"

Ọmọ kú lọ́jọ́ kejì. Hàjàrá ò bú ẹnikẹ́ni. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ọdún kan lẹ́yìn ìbéèrè Mojíre, Oyèkúnlé sáré gbé Yéwándé ọmọ rẹ̀ wọlé. Hàjàrá dán ọrùn ọmọ náà wò, ó gan bíi ti Rasheed. Ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ó ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbà náà ló wá yíjú sí bàbá, níwájú gbogbo ìyá ọlọ́mọ.

"Dókítà, ẹ gbé orí rẹ̀ súnmọ́ àyà. Kí lẹ rí?"

"Orúnkún rẹ̀... ó ń ká fúnra rẹ̀."

"Ẹ gbé itan rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wá na ẹsẹ̀ náà."

Ọmọ figbe ta.

"Bí Rasheed ṣe ṣe nìyẹn. Òrí ńkọ́, Dókítà? Ẹ ò mú un dání?"

Oyèkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Hàjàrá ò ní kó dìde.

Yéwándé yè, ṣùgbọ́n Hàjàrá ò tíì ṣetán. Gbogbo ìyá ló kọ́ ní àyẹ̀wò náà. "Bí ọrùn ò bá tiẹ̀ gan, tí ara ọmọ gbóná, tó ń sùn jù, ẹ gbé e wá. Ẹ má lọ bá Dókítà Òrí." Orúkọ náà lé Oyèkúnlé dé Ìpetumodù.

Nígbà tí Mojíre dàgbà, tó ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó wá dágbére fún Hàjàrá.

"Oyèkúnlé lẹ ń bá jà, àbí, mà?"

Hàjàrá mi orí. "Tirẹ̀ ti tán. Èmi fúnra mi ni mò ń bá jà, ọmọ mi. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé yínrùnyínrùn ló ń ṣe Rasheed, síbẹ̀ mo gbọ́ràn sí Oyèkúnlé lẹ́nu."