Sáyẹ́ǹsì Lẹ́nu Ilé

Ohùn Hanifah ni Zipporah Fámúrewá ń wá. Ó ti tó ọdún kan tí ọmọ Àrígìdì yìí ti ń jókòó sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní Ọ̀kà láìlanu. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á dìde, á sì dúró bí òpó títí wọ́n á fi ní kó jókòó. Àwọn tíṣà yòókù ní olódo ni. Zipporah náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá láti Àkúrẹ́. Wọ́n kó àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́, wọ́n kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun: kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè tó ń sọ nílé ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ rí, bó bá ti yé e tán, kí tíṣà tó wá fún un ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí tíṣà yóò ṣe bí èdè ilé bá pé mẹ́ta nínú kíláàsì kan bíi ti Zipporah: ti Ọ̀kà, ti Àrígìdì àti Yorùbá.

Zipporah dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ Ọ̀kà sápá ọ̀tún, àwọn ọmọ Àrígìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn tó jẹ́ Yorùbá nìkan ni wọ́n ń sọ nílé sáàárín. Ó gbé iyán gbígbóná wá nínú kúlà, ó ṣí i, ó yí inú ìdérí sí wọn. Omi ń kán lára rẹ̀.

"Ta ló da omi síbẹ̀? Ẹ bá ara yín sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé."

Kíláàsì hó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Hanifah ń ju ọwọ́, ó ń bá Ismaheel jiyàn ní èdè wọn. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ dìde, ó fi Yorùbá sọ ọ́ fún gbogbo wọn.

"Àǹtí, iyán ló làágùn. Òógùn yẹn gbéra sókè, ó kan ìdérí tó tutù, kò ríbi gbà kọjá, ló bá padà di omi."

"Iyán sáré ni, tó fi làágùn?" Ismaheel ló bi í. Ẹ̀rín sọ.

"Ìwọ náà ń làágùn tó o bá ń jẹ ẹ́," ni Hanifah dá a lóhùn, "o ò sì sáré."

Zipporah kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó. Hanifah ló kọ́kọ́ pè é.

Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé yẹn, àwọn tí tíṣà bá yà sọ́tọ̀ ni àwọn tí ìwé kò wọ̀ lórí. Gbogbo òbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Nafisah, ìyá Hanifah, télọ̀ ní àdúgbò Ìwárọ̀, já wọ ọ́fíìsì pírínsípà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Zipporah.

"Tíṣà, nítorí pé a kì í ṣe ọmọ Ọ̀kà lẹ ṣe kó àwọn ọmọ wa sójú kan bí adìẹ tó ń ṣàìsàn?"

"Màmá Hanifah, ẹ má bínú. Kí wọ́n lè fi èdè wọn ronú ni. Ọmọ yín sọ̀rọ̀ lánàá! Ó mọ̀ ọ́n sọ ju gbogbo wọn lọ."

"Èdè wo ló fi sọ ọ́?"

"Ti Àrígìdì. Lẹ́yìn náà, Yorùbá."

Nafisah pàtẹ́wọ́. "Ṣé nítorí èyí tí mo lè kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ṣe ń jí i wá síbí? Lọ́jọ́ ìdánwò, ṣé èdè Àrígìdì ni wọ́n máa fi bi í?"

Zipporah mọ̀ pé òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi í.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀wálé, pírínsípà, dá sí i. "Mísíìsì Fámúrewá, ẹ tú àwọn ọmọ yẹn ká kó tó di ìjà ìlú sí ìlú."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà wà ní Ìkàrẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́ wa."

"Mo wà níbẹ̀. Ìyẹn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Ilé-ìwé lèyí."

Zipporah tú wọn ká. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, Nafisah ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé aládàáni kan ní Ìkàrẹ́, níbi tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá ti ń kúnlẹ̀ sínú oòrùn.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, Zipporah lọ sí Ìkàrẹ́, ó bá ìyá àti ọmọ pàdé lẹ́nu géètì ilé-ìwé náà. Inú Nafisah dùn láti rí i. Kò bá a yan odì rárá.

"Tíṣà, ẹ wá gbọ́ nǹkan! Hanifah, ka ohun tí wọ́n kọ́ yín nípa ewé fún Àǹtí."

Hanifah nàró ṣánṣán, ó sì ka Gẹ̀ẹ́sì láìwo ìwé: bí ewé ṣe ń gba oòrùn, bó ṣe ń fi í se oúnjẹ fún igi. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kò sì mí sáàárín. Omijé ayọ̀ lé sójú ìyá rẹ̀, tí kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Zipporah bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà. "O káre. Wá sọ ọ́ fún mi bó ṣe yé ọ."

Hanifah wo ẹ̀yìn wo géètì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, bó ṣe tò ó tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ ò rí i!" Nafisah ń rẹ́rìn-ín. "Bí omi!"

"Ẹ kú oríire, Màmá Hanifah," ni Zipporah wí, ó sì lọ wọ mọ́tò Ọ̀kà.