Olùkọ́ Tó Kọ́ Mi Ní Wíwo Ẹja

Títí di òní, n kì í fi ọwọ́ gbígbẹ mú ẹja, kí ara rẹ̀ má bàa bó. Olùkọ́ wa obìnrin kan ní yunifásítì l'Ákùúrẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá kó wa lọ sódò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, wọn kì í jẹ́ ká dárúkọ ẹja tá a bá mú. Wọ́n á ní, "Mi ò bi ọ́ lórúkọ. Kí lo rí?" Ó máa ń bí mi nínú, torí mo mọ orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n là mí yẹn ni mo fi ń jẹun lónìí nídìí iṣẹ́ ẹja.

Wọ́n ti fẹ̀yìntì sílé wọn l'Óǹdó, ojú wọn kò sì ríran mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹja kékeré kan ni mo gbé lọ láàyè nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Mo gbé e síwájú wọn, mo ní ẹja ni mo mú wá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí lo rí?"

"Irungbọ̀n méjì lọ́tùn-ún ẹnu, méjì lósì, mà. Ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó ń dán bíi fàdákà. Àmì dúdú kan wà lórí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀."

Wọ́n rọra ki ọwọ́ bọ omi, ẹja náà sì gba àárín ìka wọn kọjá. Wọn kò bi mí lórúkọ rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo ti rí i."